Omi Ló Dànù: Ṣé A Ti Wo Agbè?

Ọ̀rọ̀ inú yàrá ni mo gbé wá lónìí. Àwọn àgbà kì í sọ ọ́ ní gbangba, torí a kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ síta. Èmi náà ì bá má sọ ọ́, bí kì í bá ṣe pé ó kù díẹ̀ kí ẹnì kan kú sí iwájú ilé mi nítorí dídákẹ́ yìí.

Ọjọ́ Awo ni, nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ọkùnrin kan wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun fẹ́ dáfá. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sí orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìborùn wé ara bí ẹni tí òtútù ń mú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é mọ̀ pé ẹni tó wá dáfá kì í sọ ohun tó gbé e wá fún Babaláwo. Yóò mú owó, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò fi lé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ifá ni yóò gbọ́, Ifá náà ni yóò sì sọ ọ́. Bí ọkùnrin yìí ṣe ṣe nìyẹn. Mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì, Ifá ń sọ̀rọ̀ ọmọ, ọkùnrin náà ń mi orí.

Ìyàwó mi, tó ń ta ewé àti egbò ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ló já wọlé láti ẹ̀yìn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rí tí mo bá wà nídìí Ifá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró ná. Ọmọ tó wà níta yìí, inú ń dùn ún ní apá kan, ó ní èjìká náà ń dun òun, ọwọ́ rẹ̀ sì ti tutù nini." Mo yíjú sí ọkọ. Ìgbà yẹn ló tó la ẹnu: oyún oṣù méjì ni, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ láti ìjẹta, ìyá òun ló ní kí àwọn kọ́kọ́ wá wo ẹni tó ń ṣe é.

A kò parí Ifá náà. Ọkọ̀ aládùúgbò la fi gbé e dé ilé ìwòsàn. Oyún náà kò sí nínú ilé ọmọ rárá. Inú ọ̀nà tóóró tí ẹyin máa ń gbà wá sílé ọmọ ló dúró sí, ó sì ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú ikùn. Ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ta awọ tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, èjìká ni aláìsàn yóò sì ti máa gbọ́ ìrora rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èjìká fi ń dùn ún. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà, wọ́n yọ ọ̀nà apá kan kúrò. Ó yè.

Nígbà tí a lọ kí wọn, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ ohun kan náà: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Èmi náà sọ ọ́. Òwe ìtùnú wa ni, mi ò sì rí èyí tó dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń bọ̀ nílé ni mo rò ó: nínú gbogbo àwa tí à ń pa òwe yìí, ta ló wo agbè? Ìyá ọkọ kò wò ó, ọkọ kò wò ó, èmi tí mo jókòó sídìí Ifá kò wò ó. Agbè ti ń ya lórí bẹ́ǹṣì mi. Ẹni tó wò ó ni obìnrin tó ń ta ewé.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, tọkọtaya náà wá dúpẹ́. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi, láìṣẹ́ ọ̀rọ̀ kù, ohun tí wọ́n rántí nínú ìtọ́jú náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ni wọn yóò kọ́kọ́ dá, tàbí iṣẹ́ abẹ. Ìyàwó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi òun ní ohùn rara pé, "Kí lo lò? Ta ló bá ẹ ṣe é?" Gbogbo yàrá yíjú sí i. Ẹ mọ̀ pé òfin ilẹ̀ wa kò fàyè gba oyún ṣíṣẹ́ àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là, ohun tó mú kí àwọn òṣìṣẹ́ kan máa fi ojú ọ̀daràn wo gbogbo obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀. Ó ní òun ò lè gbàgbé ìbéèrè yẹn. Ó ní òun ò lè gbàgbé nọ́ọ̀sì kejì náà, tó fa àga sún mọ́ ibùsùn, tó pe òun ní orúkọ, tó ya àwòrán ilé ọmọ sí ẹ̀yìn káàdì, tó fi bíírò tọ́ka sí ibi tí oyún wà. "Bàbá, títí ó fi jókòó, mo rò pé èmi ni mo ṣe nǹkan kan."

Ọkọ ní kò sẹ́ni tó bá òun sọ̀rọ̀ ju kí wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ lọ sanwó." Ó sáré lọ ibi ìsanwó, ó sáré lọ ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn, ó sáré wá ẹ̀jẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò mọ̀ bóyá ìyàwó òun ṣì wà láyé. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni dókítà kan yọjú, tó ní, "Ẹ wọlé, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbọ́ ọ." Ọkùnrin náà kò lè parí ọ̀rọ̀ yẹn níwájú mi. Ó bojú wo ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fi ọwọ́ kan orúnkún rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tó bá wá sọ́dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ oyún. Mi ò ka iye wọn, mi ò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn olùwádìí ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn jọra ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan tètè wò wọ́n. Wọ́n fẹ́ kí a sọ òótọ́ fún àwọn méjèèjì pọ̀, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Wọ́n fẹ́ kí ìyàwó má ṣe sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn abiyamọ tí ọmọ wọn ń ké. Èyí dùn wọ́n gan-an: obìnrin kan ní òun fi ìrọ̀rí bo etí mọ́jú, torí ìkókó mẹ́ta ló wà ní yàrá kan náà. Bí kò bá sí yàrá mìíràn, ṣé kò sí aṣọ tí wọ́n lè ta sí àárín ni?

Wọ́n tún ń sọ ọ̀rọ̀ ilé lílọ. Wọn yóò ní, "Ẹ máa lọ, ẹ lọ sinmi." Ẹ̀jẹ̀ mélòó ló pọ̀ jù? Ṣé bí ara bá gbóná, ká padà wá, àbí ká lo oògùn ibà? Ìgbà wo ni ọkọ àti aya lè tún súnmọ́ra wọn? Ta la óò pè ní òru? Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún dáhùn ìwọ̀nyí, tọkọtaya ò ní gbàgbé rẹ̀. Obìnrin kan fi nọ́ńbà fóònù tí nọ́ọ̀sì kan kọ fún un sí abẹ́ ìrọ̀rí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò pè é rí. Ó ní bí nọ́ńbà náà ṣe wà níbẹ̀ ló jẹ́ kí òun lè sùn.

Ohun kan wà tó ṣòro fún wọn, tí àwa onífá lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbọ́ yé: ìgbà tí dókítà bá ní, "A ò tíì mọ̀." Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ̀rọ skáànù tó lè rí i pé ọkàn ọlẹ̀ ń lù. Bí obìnrin bá dé kó tó di ìgbà yẹn, tàbí tí kò mọ ọjọ́ oṣù rẹ̀ dáadáa, wọ́n lè ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá. Ọjọ́ wọ̀nyẹn gùn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń bínú lọ síbòmíràn, sọ́dọ̀ ẹni tó máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Àwa náà mọ̀ pé bí Ifá bá sọ̀rọ̀ tí kò yé wa, a máa ń mú ìbò, a tún un bi. Babaláwo tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ parí ohun tí Ifá kò sọ, irọ́ ló ń pa. Dókítà tó ní kí ẹ padà wá kò lè jẹ́ aláìmọ̀kan lójú ẹni tó bá mọ ìdí ìbò. Àmọ́ kó sọ ìdí rẹ̀, kó má kàn kọ ọjọ́ sórí káàdì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ló kàn, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Nínú oyún mẹ́rin, nǹkan bí ọ̀kan ni ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ nínú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń di ọmọ. Nínú 100 oyún tí obìnrin ti mọ̀ pé òun ní, 10 sí 20 ló máa ń wálẹ̀. Nǹkan bí ìdajì èyí tó ń wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọlẹ̀ náà jogún lára bàbá àti ìyá kò pé, tàbí ó lé, láti ọjọ́ tí àtọ̀ àti ẹyin ti pàdé. Kò sí ẹrù tí obìnrin rù, kò sí ìjà tí ó jà, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó jẹ tó fà á. Ọbàtálá ló ń mọ orí àti ara. A kì í bi ẹni tó ru amọ̀ wá pé kí ló dé tí mímọ náà fi dá dúró.

Síbẹ̀ kí la máa ń ṣe? Ìyá ọkọ yóò bèèrè pé kí ló jẹ. Àwọn kan yóò pè é ní àbíkú. Mo fẹ́ kí ó yé wa pé àbíkú ni ọmọ tí a bí tó sì kú, tó ń padà wá. Oyún oṣù méjì tó wálẹ̀ kì í ṣe àbíkú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gba owó ẹbọ àbíkú lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí yóò bí wọn nínú. Kí ó bí wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọkọ tó wá nìkan jókòó sídìí Ifá, tí obìnrin tí ó ń ṣe wà níta. Ẹ̀yin ọmọ Awo mọ ìtàn Ọ̀ṣẹ́túrá. Nígbà tí àwọn irúnmọlẹ̀ dé ayé, àwọn ọkùnrin àárín wọn ń ṣe ìpàdé, wọn kò pe Ọ̀ṣun sí i. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún. Òjò kò rọ̀, nǹkan wọn ń bàjẹ́. Wọ́n lọ bá Olódùmarè, Ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ obìnrin tó wà láàárín wọn. Oyún sì wà nínú Ọ̀ṣun nígbà náà. À ń sọ ìtàn yìí nílé ọdún, à ń jó sí i, a ó wá délé, a ó gbé ọ̀rọ̀ oyún lọ sí ìpàdé tí aláboyún kò sí. Ìyá ọkọ ló dá ibi tí wọ́n ń lọ. Ọkọ ló sọ̀rọ̀ sí owó. Èmi ló kì. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn jókòó sí bẹ́ǹṣì.

Nítorí náà, ní ilé mi, a ti yí nǹkan padà. Bí ọkùnrin bá wá tí mo bá rí obìnrin pẹ̀lú rẹ̀, ìyàwó mi ni yóò kọ́kọ́ jókòó tì í. Yóò bi í léèrè: ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù kẹ́yìn? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà? Ṣé inú ń dùn ọ́ ní apá kan? Ṣé òòyì ń kọ́ ọ? Ṣé èjìká ń dùn ọ́? Bí ọ̀kan bá wà nínú rẹ̀, ọ̀pẹ̀lẹ̀ yóò dúró, ọkọ̀ ni a óò pè. Tí ara obìnrin bá balẹ̀ tán, tí wọ́n ti wò ó, kí wọ́n padà wá, kí a dáfá, kí a rúbọ. Èṣù kì í kọ ẹbọ torí pé ó dé ní ọjọ́ kejì.

Mi ò sì tún ń fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ìdè kí wọ́n tó ṣe skáànù. Àwọn bàbá wa mọ ìdè oyún, mi ò sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nínú 100 oyún, ọ̀kan tàbí méjì ni kì í sí nínú ilé ọmọ, ìdè kan kò sì lè gbé e padà síbẹ̀. Àwọn dókítà náà ní tiwọn. Ní ọdún 2019, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi oògùn progesterone ṣe fún obìnrin 4,153 tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Kò ran gbogbo wọn lọ́wọ́, àmọ́ ó ṣe àǹfààní díẹ̀ fún àwọn tí oyún ti wálẹ̀ lára wọn rí. Láti 2021 ni ìlànà ìtọ́jú wọn ti gbà á wọlé fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ẹ sì fetí sí èyí: skáànù gbọ́dọ̀ ti fi hàn pé inú ilé ọmọ ni oyún náà wà kí wọ́n tó lò ó. Àwọn náà ń wo agbè kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ omi.

Awo ẹgbẹ́ mi kan ní mo ti ń ta Ifá fún òyìnbó. Mo bi í pé, ta ló dá ewé sílẹ̀, ta ló dá irin tí wọ́n fi ń ṣe abẹ sílẹ̀? Ògún kì í ṣe òyìnbó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu mi ń dùn. Oṣù tó kọjá, ó pè mí pé kí n fún òun ní nọ́ńbà awakọ̀ wa.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ fún mi pé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní ẹ̀ka tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ oyún nìkan, tí kò sí ìkókó tó ń ké ní tòsí. Ìlànà wọn ní kí irú ìtọ́jú yìí wà fún ọjọ́ méjèèje nínú ọ̀sẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn òbí tó bá fẹ́ ní ìwé ẹ̀rí oyún tó wálẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Ọmọ Yorùbá kan tó gbà á ní òun ò fi han ìyá òun, torí ìyá yóò ní kí ló ń ṣe pẹ̀lú ìwé òkú. Inú àpótí ló wà. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ní tiwa níbí, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọkọ tó bá ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ èyí: abala 20 nínú Òfin Ètò Ìlera ti orílẹ̀-èdè yìí, ti ọdún 2014, sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà fún ẹni tó bá rú u. Mo mọ̀ pé òfin wà nínú ìwé, ibi ìsanwó wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọ́n, kí ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù. Ọkọ tí mo ń sọ yìí kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Wákàtí kan ló fi wá owó tí wọ́n ní kó kọ́kọ́ san.

Kí tọkọtaya náà tó lọ, obìnrin yìí béèrè ohun kan tí mi ò retí. Ó ní wọ́n gbé ohun tí wọ́n yọ lára òun lọ, kò sẹ́ni tó bi òun bóyá òun fẹ́ mọ ibi tó lọ. Ó ní òun mọ̀ pé a kì í sunkún irú rẹ̀, àwọn àgbà ti kìlọ̀ fún òun kí òmíràn má baà sá. "Bàbá, ṣé èèwọ̀ ni kí n ronú nípa rẹ̀?" Mo ní kì í ṣe èèwọ̀. Mo ní kí ó lọ bá Ọ̀ṣun sọ ọ́, torí òun náà mọ oyún.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn méjèèjì pẹ̀lú ìyàwó mi. Ìyàwó mi ní ọmọ náà fi igbá bu omi, kò sọ̀rọ̀ kankan fún ìgbà pípẹ́, ọkọ rẹ̀ sì dúró tì í létí odò. Nígbà tó ṣe, ó sunkún. Kò sẹ́ni tó pa òwe fún un. Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, ebi ń pa wọ́n, ìyàwó mi gbé ọbẹ̀ kaná.